Iṣẹ́ Ìpèsè Nínú Ètò Ọrọ̀ Ajé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bó Ṣe Ń Dàgbà

Bí ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé bá délẹ̀, oko àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: ohun tí a hú nílẹ̀, ohun tí a rọ. Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ayé ń pa lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tí kò hú nǹkan kan tí wọn kò sì rọ nǹkan kan ló ti ń wá. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ ajé sábà máa ń béèrè. Mo dáhùn wọn, mo sì fi èrò tèmi kún un níbi tí mo ti rò pé ó yẹ.

Kí ni à ń pè ní iṣẹ́ ìpèsè gan-an?

Iṣẹ́ tí a bá èèyàn ṣe ni, kì í ṣe ọjà tí a gbé lé e lọ́wọ́. Bí káfíńtà bá kan àga tó sì tà á, ọjà ló tà. Bó bá wá sílé yín wá tún ẹsẹ̀ àga tó kán ṣe, iṣẹ́ ìpèsè nìyẹn. Àga ti jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ lẹ sanwó fún.

Ẹ wo onígbàjámọ̀. Ẹ jókòó sórí àga rẹ̀, ó da aṣọ bò yín láti ọrùn wálẹ̀, ó tẹ orí yín síwájú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ irun. Ìṣẹ́jú tó fi ń ṣiṣẹ́ náà lẹ̀yin fi ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ ọ̀hún. Kò lè gẹ irun sílẹ̀ lónìí kó kó o pamọ́ de oníbàárà ọ̀la. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọlé láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá, wákàtí méjì yẹn ti lọ nìyẹn, kò sí àká tí wọ́n lè kó o sí. Ẹ̀yin náà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí orí kì í ṣe ohun tí à ń fi rán ọmọdé. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti fi irú nǹkan wọ̀nyí dá iṣẹ́ ìpèsè mọ̀: kò ṣeé tọ́jú, kò sì ṣeé yà kúrò lára ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Íntánẹ́ẹ̀tì ti wá ń ba òfin yẹn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ó sì padà dé ibẹ̀.

Àwọn tó wà lábẹ́ orúkọ yìí pọ̀ lọ súà: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ báǹkì, ọlọ́pàá, ẹni tó ń ta ọjà tí kì í ṣe òun ló ṣe é, olórin, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tí wọn kì í ṣe ló pa wọ́n pọ̀: wọn kì í ṣe àgbẹ̀, wọn kì í ṣe awakùsà, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé ẹ̀ka iṣẹ́ ìpèsè ń dàgbà, a kò tíì mọ̀ bóyá dókítà ló pọ̀ sí i, tàbí àwọn tó ń kiri ọjà lójú títì nítorí pé wọn kò ríṣẹ́.

Ta ló pín ọrọ̀ ajé sí ẹ̀ka mẹ́ta?

Allan Fisher, ọmọ New Zealand, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930; Colin Clark tẹ̀ lé e ní 1940 pẹ̀lú ìṣirò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ẹ̀ka kìn-ín-ní ni oko àti ohun tí a ń wà nílẹ̀, ẹ̀kejì ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀kẹta ni gbogbo ìyókù. Ní 1949, Jean Fourastié, ará Faransé, sọ pé ẹ̀ka kẹta yìí ni ìrètí aráyé: àwọn tí ẹ̀rọ bá lé kúrò lóko àti nílé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe ibùdó.

Ṣé iṣẹ́ tí a kò lè fọwọ́ kàn jẹ́ iṣẹ́ gidi?

Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Scotland, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1776, ó kó ìránṣẹ́ ilé, àlùfáà, agbẹjọ́rò, dókítà, òṣèré àti olórin sójú kan náà, ó ní iṣẹ́ wọn kì í fi ohun kan sílẹ̀ tí a lè tà lẹ́yìn náà, pé bó ṣe ń wáyé náà ló ń ṣègbé. Ohun tó rí, òótọ́ ni. Ìdájọ́ tó ṣe lé e lórí ni mi ò bá a lọ́wọ́ sí. Dókítà tó la ojú ẹnì kan kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí a lè pàtẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ là á padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ogún ọdún sí i. Ta ni yóò sọ pé ọrọ̀ kò pọ̀ sí i níbẹ̀?

Èrò yẹn kò sì tètè kú. Soviet Union àti àwọn alájọṣe rẹ̀ lo ìṣirò ọrọ̀ ajé tó ka ohun tí a lè fojú rí nìkan. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ bí ìtọ́jú aláìsàn àti ẹ̀kọ́ kò sí lára owó orílẹ̀-èdè nínú ìwé wọn.

Báwo ló ṣe tóbi tó lónìí?

Nínú àpapọ̀ iye ohun tí gbogbo ayé ń ṣe jáde lọ́dún, ìyẹn GDP, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ti ọ̀dọ̀ iṣẹ́ ìpèsè wá. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ ayé, nǹkan bí ìdajì ló wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń lọ sí òṣìṣẹ́ 80 nínú 100.

Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rìn débẹ̀. Ní 1900, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 40 nínú 100 ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe iṣẹ́ oko. Lónìí wọn ò tó 2, oúnjẹ tí wọ́n sì ń kó jáde pọ̀ ju ti ayé ìgbà yẹn lọ fíìfíì. Ṣáínà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pàápàá, ní 2015 ni ìpín iṣẹ́ ìpèsè nínú GDP rẹ̀ kọjá ìdajì.

Kí ló dé tó fi ń dàgbà báyìí?

Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọn kò sì lágbára bákan náà.

Àkọ́kọ́ ni pé ikùn ní ìwọ̀n. Bí owó oṣù ẹnì kan bá di ìlọ́po mẹ́ta, kò lè jẹun ìlọ́po mẹ́ta. Ernst Engel, ará Jámánì, ṣàkíyèsí èyí ní 1857 nígbà tó ń yẹ ìnáwó àwọn ìdílé òṣìṣẹ́ ní Belgium wò: bí ìdílé ṣe ń rí towó ṣe sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú owó wọn ń kéré sí i. Aṣọ àti àga pàápàá ní ibi tí wọ́n ń tó dé. Ṣùgbọ́n ta ló ti sọ pé ìlera òun ti tó, tàbí pé ẹ̀kọ́ ọmọ òun ti pọ̀ jù? Owó tó bá ṣẹ́ kù, ibẹ̀ ló ń gbà lọ.

Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Katakata kan ń ṣe iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọkọ́, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó ní òṣìṣẹ́ díẹ̀ ń wọ àìmọye èèyàn láṣọ. Nígbà tí ọwọ́ díẹ̀ bá ti tó fún oko àti fún ilé-iṣẹ́, ọwọ́ ìyókù ń wá ibòmíràn lọ. Èmi a máa ka èyí sí ìdí tó lágbára jù, àmọ́ òun ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Wọ́n á ní iṣẹ́ ìpèsè ló fa àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lóko, láìwò ó pé oko ti kọ́ bí yóò ṣe ṣe láìsí wọn.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ ti jáde síta. Títọ́jú ọmọ, fífọ aṣọ, ṣíṣe ìtọ́jú arúgbó: ìyá, ìyá àgbà àti ọmọbìnrin ilé ló ń ṣe wọ́n, kò sẹ́ni tó ń san owó fún wọn, kò sì sí ìwé tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ń gba iṣẹ́ owó oṣù lọ́pọ̀ yanturu, ẹlòmíràn ni wọ́n ń sanwó fún láti ṣe iṣẹ́ ilé yẹn. Lọ́gán ló di ara ẹ̀ka kẹta.

Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ní Japan, èèyàn tó ti lé ní ọdún 65 ti ń sún mọ́ 30 nínú 100. Arúgbó kì í ra àga tuntun lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ó nílò nọ́ọ̀sì.

Àwọn iléeṣẹ́ fúnra wọn sì ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: olùṣirò owó, agbẹjọ́rò, olùpolówó ọjà, ẹ̀ṣọ́, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà. Bí ọjà ṣe ń rìn jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń dúró lágbedeméjì ń pọ̀ sí i.

Ṣé gbogbo ìdàgbàsókè tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ló jẹ́ òótọ́?

Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń rọ ìkòkò ní agbálẹ̀ ogún. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ wọn bá wà nínú ìwé owó oṣù ilé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ìjọba ń kà wọ́n sí. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá pinnu pé òun ò gba agbálẹ̀ mọ́, ó gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ tó ń pèsè agbálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ogún èèyàn yẹn náà padà wá, ìgbálẹ̀ kan náà, gbọ̀ngàn kan náà, àfi aṣọ iṣẹ́ tó yàtọ̀. Nínú ìwé, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti pàdánù ogún òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ìpèsè ti jèrè ogún. Ohun tó sábà máa ń yí padà nídìí rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì wọn, kì í sì í yí padà sí rere.

Àpẹẹrẹ ti Arthur Pigou, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiẹ̀ tún pani lẹ́rìn-ín: bí ọkùnrin bá gbé obìnrin tó ń bá a tọ́jú ilé fún owó oṣù níyàwó, owó orílẹ̀-èdè dín kù. Iṣẹ́ kò dín kù, owó oṣù nìkan ló dúró.

Iṣẹ́ ìjọba ní ìṣòro tiẹ̀. Kò sí iye tí a ń ta ààbò ọlọ́pàá lójú ọjà, nítorí náà iye tí wọ́n ná lé e lórí ni wọ́n ń kà sí iye tó mú wá. Olùkọ́ tó ń kọ́ni dáadáa àti èyí tó ń sùn ní kíláàsì, owó oṣù wọn ló wọnú ìwé, bákan náà ló sì rí.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ ìpèsè wà níbẹ̀ tipẹ́ ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kà á. Nígbà tí Ghana tún ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ṣe ní 2010, GDP orílẹ̀-èdè náà fi nǹkan bí 60 nínú 100 ga sí i lójijì, ìpín tó pọ̀ nínú àfikún yẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ìpèsè tí ìwé àtijọ́ kò rí. Kò sẹ́ni tó sùn tálákà tó jí lówó lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kí ló dé tí owó ilé-ìwé àti ìtọ́jú aláìsàn ń gòkè, tí owó tẹlifíṣọ̀n ń wálẹ̀?

William Baumol àti William Bowen, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ló fi orin ṣàlàyé èyí ní àárín àwọn ọdún 1960. Àwọn olórin mẹ́rin jókòó yíká, méjì ń ta fayolíìnì, àwọn méjì yòókù ń ta èyí tó tóbi jù ú lọ. Orin tí wọ́n ń ta ti wà láti nǹkan bí igba ọdún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta á, èèyàn mẹ́rin ni ó gbà, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lónìí, èèyàn mẹ́rin náà ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni. Ẹ ò lè ní kí wọ́n ta á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ò sì lè yọ ẹnì kan kúrò.

Láàárín igba ọdún yẹn, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti di ẹni tó ń ṣe nǹkan ní ìlọ́po púpọ̀ ju ti àtijọ́ lọ láàárín wákàtí kan, owó rẹ̀ sì ti gòkè tẹ̀ lé e. Bí owó olórin bá dúró sójú kan, kò ní sí ẹni tí yóò jẹ́ olórin mọ́, gbogbo wọn á lọ síbi tí owó wà. Nítorí náà wọ́n ní láti fi kún owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe kò yára sí i. Owó tí a fi kún un yìí, orí tíkẹ́ẹ̀tì ló ń bọ́ sí. Ẹ fi olùkọ́ tó dúró níwájú ọmọ ọgbọ̀n, tàbí nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ báńdéèjì, rọ́pò olórin, ẹ ó sì lóye ìdí tí owó ilé-ìwé kì í fi í wálẹ̀.

Àìsàn ni àwọn onímọ̀ ń pe èyí. "Àìsàn owó" Baumol. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìdí tí olùkọ́ fi wọ́n ni pé ohun mìíràn ti dín owó púpọ̀, àwọn tó wà nílùú sì ti lówó lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tí àìsàn yìí ń ṣe lè san owó egbòogi rẹ̀. Kìkì pé ẹni tí owó rẹ̀ kò gòkè pẹ̀lú ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyà ń jẹ, torí iye kan náà ni wọ́n ń bù fún un níbi ìwòsàn.

Ṣé ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ìpèsè ń bára wọn du àyè ni?

Ní ti òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti ọjà, inú ara wọn ni wọ́n wà. Ẹ mú bàtà kan. Ẹnì kan ló ya àwòrán rẹ̀. Báǹkì yá ilé-iṣẹ́ lówó awọ. Iléeṣẹ́ adójútòfò gba ewu ọkọ̀ ojú omi sọ́rùn. Awakọ̀ gbé e dé èbúté, aṣọ́bodè yẹ̀ ẹ́ wò, olùpolówó ya fọ́tò rẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù gbé e kalẹ̀, iléeṣẹ́ káàdì gba tirẹ̀ nínú owó tí ẹ san. Nínú owó bàtà yẹn, ìpín àwọn tó gé awọ tó sì rán an lè jẹ́ èyí tó kéré jù lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ò tiẹ̀ fẹ́ ta ẹ̀rọ mọ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni ètò kan ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Rolls-Royce, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, wá sọ di ńlá: iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kì í san owó àtúnṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi fò ni wọ́n ń sanwó fún. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, ẹni tó ṣe é ni kò rówó gbà. Ṣé ọjà ni wọ́n ń tà ni àbí iṣẹ́?

Àpótí irin tí wọ́n ń kó ẹrù sí náà ń kọ́? Ní oṣù kẹrin 1956, ọkọ̀ ojú omi oníṣòwò ọmọ Amẹ́ríkà kan, Malcom McLean, gbé àpótí 58 láti Newark lọ sí Houston. Ọ̀nà tuntun láti kó ẹrù sínú ọkọ̀ kíákíá lásán nìyẹn, iṣẹ́ ìpèsè gbáà. Àmọ́ òun ló jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó wà ní Éṣíà lè tajà fún ẹni tó wà ní Yúróòpù láìjẹ́ pé owó ọkọ̀ pa èrè.

Ṣé orílẹ̀-èdè lè fo ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kọjá, kó lọ tààrà sí iṣẹ́ ìpèsè?

Ìbéèrè tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù nìyí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Japan àti South Korea kúrò lóko bọ́ sílé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti lówó kí wọ́n tó wá kún inú ọ́fíìsì. Ilé-iṣẹ́ ní àǹfààní kan tó ṣòroó rí níbòmíràn: ó ń gba ẹni tí kò kàwé púpọ̀, ó ń kọ́ ọ níṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tí ẹni náà bá ṣe sì ṣeé tà ní òpin ayé kejì.

Índíà gba ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ ìpèsè kó nǹkan bí ìdajì GDP rẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ ní Bengaluru sì ń mú dọ́là wọlé. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó lé ní 40 nínú 100 ṣì wà lóko níbẹ̀. Iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń gba mílíọ̀nù díẹ̀ nínú òṣìṣẹ́ tó ju 500 mílíọ̀nù lọ. Ilẹ̀kùn náà dára, ó kàn tóóró ni.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Dani Rodrik, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń kọ́ni ní Harvard, fi ìṣirò hàn pé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀ ti ń pàdánù iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó lówó, bí igi tó wọ́wé kó tó so. Àwọn tí oko kò gbà mọ́ ń lọ tààrà sí ìlú ńlá, wọ́n sì ń ṣe ohun tí wọ́n bá rí.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ẹnu ọ̀nà méjì ni èèyàn ń gbà wọ iṣẹ́ ìpèsè. Ẹnì kan wọlé nítorí pé wọ́n pè é: ó kọ́ṣẹ́, wọ́n nílò rẹ̀, owó ibẹ̀ dára ju ibi tó ti ń bọ̀. Ẹnì kejì sá wọlé nítorí pé òjò ń pa á níta. Nínú ìwé ìṣirò, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí, wọ́n sì kà wọ́n pọ̀. Orílẹ̀-èdè méjì lè ní òṣìṣẹ́ 55 nínú 100 nínú ẹ̀ka kẹta, kí ọ̀kan máa lọ sókè, kí èkejì máa tẹ̀ lójú kan.

Àwọn tó máa ń fi Singapore ṣe àpẹẹrẹ fún mi, mo máa ń rán wọn létí pé ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣì ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún GDP Singapore wá. Kò fo ohunkóhun.

Ṣé iṣẹ́ ìpèsè ṣeé tà sí òkèèrè?

Ó ṣeé ṣe, ó sì ń pọ̀ sí i. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò iṣẹ́ ìpèsè, tí wọ́n ń pè ní GATS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé WTO ní oṣù kìn-ín-ní 1995, ó sì ka ọ̀nà mẹ́rin. Iṣẹ́ lè kọjá ààlà fúnra rẹ̀, bí ẹni tó kọ ètò kọ̀ǹpútà níhìn-ín tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀hún. Oníbàárà lè rìn wá, bí arìnrìn-àjò afẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Iléeṣẹ́ lè lọ dá ẹ̀ka sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì lè wọ ọkọ̀ lọ ṣe é fún sáà kan, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ kì í fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún, torí ó ti di ọ̀rọ̀ físà.

Bí a bá ka ohun tó kọjá ààlà lórúkọ iṣẹ́ nìkan, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin òwò àgbáyé lọ. Bí a bá wá ka iṣẹ́ tó fara pamọ́ sínú ọjà mọ́ ọn, bí ti bàtà wa yẹn, ó ń sún mọ́ ìdajì.

Ṣé ẹ̀rọ kò ní gba iṣẹ́ yìí náà?

Báǹkì Barclays gbé ẹ̀rọ tó ń sanwó, irú èyí tí a wá ń pè ní ATM, síta ní Enfield ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹfà 1967. Gbogbo èèyàn rò pé akọ̀wé tó ń kówó ní báǹkì ti parí nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé James Bessen fi hàn pé òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀ka báǹkì kan tó ń gba akọ̀wé bí ogún tẹ́lẹ̀ wá ń gba mẹ́tàlá, ìyẹn jẹ́ kí ẹ̀ka rọrùn láti dá sílẹ̀, báǹkì sì ṣí ẹ̀ka sí i, iye akọ̀wé kò dín kù. Nígbà tí fóònù wá di báǹkì ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dín iṣẹ́ ẹ̀ka kù. Fóònù ní kí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ máa lọ.

Ẹ wo Kenya náà. M-Pesa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2007, owó ń gba orí fóònù lọ, kò sì pa àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn rẹ́: àwọn aṣojú tó ń gbowó tó ń sanwó ló bí lójú títì.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI, yàtọ̀ ní ohun kan. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń gba iṣẹ́ apá; èyí ń fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹni tó jókòó: lẹ́tà kíkọ, ìtumọ̀ èdè, ètò kọ̀ǹpútà, àkójọ ìwé ẹjọ́. Onígbàjámọ̀ lè fọkàn balẹ̀ ju ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò lọ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìṣirò kì í mú. Mo ti di fóònù mú fún ogójì ìṣẹ́jú rí, tí ohùn ẹ̀rọ báǹkì kan ń sọ fún mi pé kí n tẹ ẹyọ kan, kí n tẹ méjì, pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí wọn. Nínú ìwé báǹkì yẹn, wọ́n ti dín owó òṣìṣẹ́ kù. Iṣẹ́ náà kò parẹ́ ṣá o, ọrùn mi ló bọ́ sí, mi ò sì gba owó oṣù kankan.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ohun tí kò ṣeé tọ́jú kò ṣeé gbà padà. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ayé pa ní 2020, iye àwọn tó ń rìnrìn-àjò afẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wálẹ̀ sí ti ọdún tó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n tì pa lè fi àfikún wákàtí iṣẹ́ dí àlàfo rẹ̀ lẹ́yìn náà. Yàrá hótẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí lóṣù kẹrin, lóṣù kẹrin náà ló parẹ́ sí.

Ti báǹkì ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí Lehman Brothers, báǹkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wó ní oṣù kẹsàn-án 2008, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí pàdánù iṣẹ́ ní ilẹ̀ jíjìn, torí owó yíyá ló ń gbé gbogbo iṣẹ́ yòókù ró.

Kí ni ìjọba lè ṣe?

Kó má kàn ka orí. Iná tó dúró, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já, ilé-ẹjọ́ tí kì í fi ọdún mẹ́jọ gbọ́ ẹjọ́ àdéhùn: nǹkan mẹ́ta yìí wúlò fún iṣẹ́ ìpèsè ju ẹ̀bùn owó lọ. Ẹ̀kọ́ náà, àmọ́ èyí tó ń bá iṣẹ́ mu. Àwọn ìwé àṣẹ tí kò nídìí ni kó mú kúrò, kó sì fi èyí tó ń dáàbò bo èèyàn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ oníṣẹ́ abẹ tí kò níwèé ẹ̀rí.

Ní ti àwọn tí òjò lé wọlé, ohun tí mo rò pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni kí àwọn tó wà lágbègbè wọn lówó. Aránṣọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Oníbàárà rẹ̀ ló ṣaláìní.

Bí mo bá ka ìròyìn pé iṣẹ́ ìpèsè ti dàgbà lọ́dún yìí, kí ni kí n wò?

Ẹ wò ó bóyá iye òṣìṣẹ́ ló dàgbà tàbí iye owó tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Bí òṣìṣẹ́ bá fi 10 nínú 100 pọ̀ sí i tí owó ẹ̀ka náà kò fi ju 3 lọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń pín jẹ. Ẹ wo àwọn wo gan-an: ìṣòwò kéékèèké ni, ìlera ni, báǹkì ni, àbí owó oṣù ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè? Ẹ wò ó bóyá wọ́n tún ọ̀nà ìṣirò ṣe lọ́dún náà, bí ti Ghana. Lẹ́yìn náà, ẹ wá iye àwọn agbálẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ dá dúró.